A ṣì ń wá a: ọmọ aránṣọ tó kúrò ní Mayfair, Ifẹ̀, tí kò tíì délé ní Iléṣà [a ti yí àkọlé yìí padà]

Ọmọ Ìsọ̀kùn (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)
Ọjọ́ Ajé, 7:14 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Àbúrò ìyàwó mi la ń wá. Ọmọ ọdún 23 ni. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń kọ́ nítòsí Ẹrẹ́jà níbí, oṣù tó ń bọ̀ ló yẹ kó ṣe fírídọ́ọ̀mù, a tiẹ̀ ti fi owó kánọ́pì lélẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ló jáde nílé, òní ló pé ọjọ́ kọkàndínlógún.

Ọ̀gá ẹ̀ ló fi aṣọ ẹbí rán an sí oníbàárà kan ní Parakin, n'Ífẹ̀. Ó dé ọ̀hún, wọ́n ka aṣọ, ó pé, oníbàárà fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọ̀gá lójú ẹsẹ̀. Ní aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú, ó pe ọ̀gá ẹ̀ pé òun ti wà ní Mayfair, òun ń wá mọ́tò Iléṣà. Nígbà tí ìyá ẹ̀ máa pè é láago méje, fóònù ti kú. Kò sì tíì jí títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Kò ga, ó dúdú, ó kọ ilà kékeré kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Búláòsì funfun ló wọ̀ àti síkẹ́ẹ̀tì tó fi àgékù ànkárá rán fúnra ẹ̀. Irú ànkárá méje ló wà lára síkẹ́ẹ̀tì náà. Ìyá ẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀kú egúngún ni. Ẹni tó bá rí i ò lè gbàgbé ẹ̀.

A ti dé Wesley Guild, a ti dé ọsibítù ńlá Ifẹ̀ ní títì Iléṣà, a ti dé ibi tí mi ò fẹ́ dárúkọ. Kò sí níbẹ̀. Mo kọ ÀWÁTÌ gàdàgbà sí àkọlé kí ẹ lè tètè rí i.


Ìyá Ẹlẹ́pà
7:31

Yéè! Olúwa á dá a padà láyọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ò ní ṣègbé. Ẹ bá mi kí ìyá ọmọ o, ẹ ní kó jẹun.


Bọ̀bọ́ Lágéré
7:40

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ọjọ́ 19, ọmọbìnrin, Ifẹ̀, ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ yahoo ti lò ó. Àbí ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì 2021 n'Ífẹ̀ yìí kan náà, èyí tí àlejò tó wá sùn síbẹ̀ kú sí? Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.


Ìyá Ẹlẹ́pà
7:42

Afẹ́fẹ́ rere ta ni? Ṣé o rí òkú ni? Bọ̀bọ́, fọ ẹnu ẹ.


Èrò Iwájú
7:58

Èmi awakọ̀ ni, ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà ni mò ń ná láti ọdún kọkànlá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí. Tó bá ti di nǹkan bí aago márùn-ún, èrò máa ń pọ̀ ju mọ́tò lọ. Ẹni tí ara bá ń kán á yọ jáde sójú títì, á máa nawọ́ sí ohunkóhun tó bá ń kọjá. Ibẹ̀ ni wánṣáànsì ti ń ríṣẹ́ ṣe. Mi ò ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ, ẹ kọ́ wọn pé kí wọ́n ya nọ́ńbà mọ́tò kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Ọmọbìnrin tó wọ BRT l'Ékòó ní February 2022, ohùn tó gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ nínú mọ́tò ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sínú òkùnkùn.


Alága Ìjókòó
8:10

Ẹ̀yin náà ẹ máa ń pariwo jù. Ọmọ ọdún 23, fírídọ́ọ̀mù kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ti sá tẹ̀ lé ọkùnrin. Ẹ lọ bi bọ̀ifúrẹ́ǹdì ẹ̀. Lóṣù mẹ́ta sí i, oyún á dé, òun náà á dé.


Ọmọ Ìsọ̀kùn
8:25

Alága, bọ̀ifúrẹ́ǹdì tẹ́ ẹ ń wí yẹn, òun la jọ lọ sí Ifẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọlọ́pàá tì í mọ́lé fún ọjọ́ méjì, wọn ò rí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní ká mú 40,000 náírà wá fún bélì. Ìyàwó mi ló lọ yá a. Ọmọ náà jáde tán, ó rí fọ́tò ara ẹ̀ lórí Facebook, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "apààyàn Iléṣà". Kò lè lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Vulcanizer ni.


Alábòójútó
8:33

Ẹni mẹ́ta ti gbé fọ́tò ọmọkùnrin náà síbí láàárọ̀ yìí. Mo ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ẹni tó bá tún gbé e, mo máa tì í síta. Ẹ rántí pé irú fọ́tò báyìí làwọn èèyàn ń rí kí wọ́n tó gbé táyà àti pẹtiróòlù.


Agbẹjọ́rò Kékeré
9:05

Mo kí ẹbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Bélì ò lówó nínú. Àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló ń kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gba 40,000 yẹn sílẹ̀, a máa padà sí i.

Ṣé ọjọ́ wo lẹ fi ẹjọ́ sùn? Torí mo mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: "ẹ lọ dúró kó pé wákàtí 24." Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú tí ara bá ti fu yín lẹ lè lọ. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sì ní kí wọ́n wádìí ẹ̀sùn tí wọ́n bá mú wá síwájú wọn.

Ìkejì: páálí fóònù ẹ̀ dà? Nọ́ńbà 15 kan wà lára ẹ̀, IMEI ni wọ́n ń pè é. Tí ẹnikẹ́ni bá ki síìmù mìíràn bọ inú fóònù náà, nọ́ńbà yẹn ló máa tú u fó. Wọn ò ní dá ẹbí lóhùn ní ilé iṣẹ́ fóònù o, ọlọ́pàá ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé. Síìmù tuntun náà á ní NIN lábẹ́, torí láti December 2020 nìjọba ti fi dandan lé síso síìmù mọ́ NIN.

Ìkẹta: ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì 2021 tí Bọ̀bọ́ fa yọ. Kì í ṣe àbá ló tú u. Owó tí olóògbé fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n tọ ipa ẹ̀ débẹ̀. Ẹ ní kí ọlọ́pàá kọ̀wé sí báǹkì ọmọ yìí náà.


Ọmọ Ìsọ̀kùn
9:20

Ẹ ṣé, Agbẹjọ́rò. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an la dé àgọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún wa nìyẹn, ká lọ sùn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Páálí wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, mò ń lọ mú un báyìí.


Ọmọ Òṣómàáló
9:44

Ẹ̀yin ará Iléṣà, ṣé ẹ ti gbàgbé ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ ni? Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn, tí onígbèsè bá ń sá, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ni wọ́n máa ń lọ lóṣòó sí. "Òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi." Ẹ lọ lóṣòó sí àgọ́ náà. Ẹ má bú wọn, ẹ má bẹ̀ wọ́n. Ẹ kan lóṣòó. Láàárọ̀, ìyá. Lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n. Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá aránṣọ.


Tísà Fẹ̀yìntì
10:12

Ọmọ Ìsọ̀kùn, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín: ẹ yọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi ṣíwájú àkọlé yẹn kúrò.

Àwátì. Ẹ tú u sọ́nà: à-wá-tì. Ohun tí wọ́n wá, wá, wá, tó tì. Ìyẹn ni pé wọ́n ti ká wíwá nílẹ̀. Ta ló wá a tì nínú yín? Adìyẹ tó sàba lọ́jọ́ tí ọmọ náà kúrò nílé kò tíì pa, ọjọ́ 21 ni ẹyin ń lò. Ọmọ yìí sọnù, mo gbà. A ń wá a, mo gbà. Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀.


Alága Ìjókòó
10:20

Tísà, gírámà nìyẹn. Àwátì ni gbogbo ayé ń pè é. Ọ̀rọ̀ ò lè mú un wálé.


Tísà Fẹ̀yìntì
10:27

Kò lè mú un wálé. Ó lè mú kí ẹni tó rí i má sọ̀rọ̀. Tó o bá gbọ́ pé wọ́n ti wá nǹkan tì, tó o wá rí ohun tó jọ ọ́ lọ́nà, ṣé o ò ní sọ fún ara ẹ pé kì í ṣe òun?


Ọmọ Ìsọ̀kùn
10:41

Bàbá, mo ka ọ̀rọ̀ yín sétí ìyá ọmọ. Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Ohun tí mo ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, ẹ ò gbọ́." Èmi ò mọ̀ pé òun ló ń bí i nínú. A rò pé ó ń kọ̀ láti gba kádàrá ni. Alábòójútó, ẹ bá wa yí i.


Alábòójútó
10:43

Mo ti yí i.


Adúnní Ọjà-Ọba
11:15

Ṣé ẹnì kankan ò ṣèlérí iṣẹ́ fún un? Àwọn kan wà tó ń káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n á ní iṣẹ́ ìránṣọ wà ní Libya, wà ní Oman, wà ní Mali. Ọmọ àdúgbò wa kan bá wọn lọ, ó lo ọdún méjì kó tó rí fóònù pè. NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ló ń rí sí irú ẹ̀, láti 2003 nìjọba ti dá wọn sílẹ̀. 627 ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹ fi tó wọn létí, kò gbówó.


Ọ̀dọ́mọdé Ìjọ
11:50

Ìrètí ń bẹ o! 14 April 2014 ni wọ́n kó ọmọ 276 ní Chibok. Ní 2021, ní 2022, àwọn kan nínú wọn ṣì ń jáde láti inú igbó, àwọn kan gbọ́mọ pọ̀n. Ọlọ́run ò sùn.


Ìyá Ẹlẹ́pà
11:56

Àmín. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, má fi ọdún méje tu ìyá ọmọ nínú. Èèyàn ò lè gbé ìyẹn mì.


Ọmọ Oòduà Ifẹ̀
12:08

Kí ẹ tó máa lọ Chibok, Mọremí wa ńkọ́? Àwọn Ùgbò kó o lọ, ó sì padà wálé, ó tún kó àṣírí wọn bọ̀.


Ọmọ Òṣómàáló
12:11

Mọremí mọ̀ọ́mọ̀ lọ ni. Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ kò ní ṣàì dárúkọ Mọremí níbikíbi, ì báà ṣe níbi tí wọ́n ti ń wá ewúrẹ́.


Ọmọ Ìsọ̀kùn
1:30 ọ̀sán

Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ ṣé. Ó pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú wa ti rí, kó lè jẹ́ ọgbọ́n fún ẹlòmíràn. Wòlíì kan gba 85,000, ó ní ó wà nínú yàrá tí wọ́n kùn láwọ̀ búlúù. Alfa kan ní ó ti kọjá odò. Ìyá ọmọ ní kí ni òun máa ṣe, òun á jókòó ni?

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹnì kan pè wá, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ló wà, ká fi 300,000 ránṣẹ́. A gbọ́ ohùn ọmọbìnrin tó ń sunkún lẹ́yìn. Ìyàwó mi ti ń wá ẹni tó máa yá a lówó. Ọ̀gá aránṣọ ló gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ó bi wọ́n pé: "Ẹ bá mi bi í, kí lorúkọ tó sọ maṣíìnì ẹ̀?" Wọ́n ní kò lè sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ń bà á. Ọ̀gá ní kó kàn dárúkọ kan ṣoṣo yẹn. Wọ́n gé fóònù. Wọn ò pè mọ́. Orí fọ́tò tí èmi fúnra mi fi síta ni wọ́n ti rí nọ́ńbà wa.


Agbẹjọ́rò Kékeré
1:41

Ọ̀gá aránṣọ yẹn, ẹ bá mi kí i. Ẹ fún ọlọ́pàá ní nọ́ńbà tí wọ́n fi pè. Ẹ má sì sọ orúkọ maṣíìnì náà síbí láéláé.


Alábẹ́rẹ́
3:02

Ẹ káàsán o. Èmi la jọ ń kọ́ṣẹ́. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ torí ẹ̀rù ń bà mí, mo rí ohun tí wọ́n ṣe fún bọ̀ifúrẹ́ǹdì ẹ̀.

Téèpù ẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó níbi tó fi kọ́ ọ sí. Bùbá kan wà lórí maṣíìnì ẹ̀, ó ti gún píìnì sí apá kan, apá kejì kò tíì sí. Ọ̀gá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ píìnì náà. Oníbàárà tó ni bùbá wá lánàá, ó wò ó, ó ní òun ò kánjú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé báttìrì fóònù ẹ̀ ti wú. Ẹ̀yìn fóònù ò lè dé mọ́, rọ́bà ló fi dè é. Tó bá fi pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì, á kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé wọ́n pa fóònù ẹ̀ kí wọ́n má bàa rí i, fóònù yẹn ò nílò kí ẹnikẹ́ni pa á.

Mo tún mọ pásíwọ́ọ̀dù Gmail ẹ̀, torí èmi ni mo bá a ṣí i. Ṣé ó wúlò?


Agbẹjọ́rò Kékeré
3:04

Ó WÚLÒ. Má kọ ọ́ síbí. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni kó o fún. Kí wọ́n wọ ibi tí Google fi ń wá fóònù, kí wọ́n wo ibi tó ti hàn gbẹ̀yìn, kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.


Bọ̀bọ́ Lágéré
3:30

Kí ló dé tí kò ti sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ 19? Ẹ mú un náà.


Alábòójútó
3:31

Bọ̀bọ́, ó di ọ̀la.


Ọmọ Ìsọ̀kùn
5:17 ìrọ̀lẹ́

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. A ti wọ̀ ọ́. Ibi tí fóònù ti hàn gbẹ̀yìn ni títì Iléṣà, ó ti ré kọjá ọsibítù ńlá. Aago 5:26 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.


Èrò Iwájú
5:25

Ẹ dúró ná. Ọ̀nà ilé nìyẹn! Ká ní wọ́n gbé e gba ọ̀nà Ìbàdàn ni, tàbí ọ̀nà Oǹdó, kò lè dé títì Iléṣà. Mọ́tò tó wọ̀ ń bọ̀ wálé ni. Ibi tí báttìrì kú sí ló dúró sí yẹn, kì í ṣe ibi tí òun dúró sí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ yìí, ẹ ń wá Mayfair, ẹ ń wá Lágéré, ẹ ń wá inú Ifẹ̀. Ẹ máa wá Òṣú! Ẹ máa wá àárín Ifẹ̀ sí Òṣú. Ẹ fi fọ́tò síkẹ́ẹ̀tì yẹn síbí, kì í ṣe ojú ẹ̀ nìkan. Mo máa fi sórí WhatsApp ẹgbẹ́ awakọ̀ wa.


Ìyá Ẹlẹ́pà
5:40

Ẹ gbé e lọ sí rédíò náà. Orísun FM n'Ífẹ̀, ìkéde Yorùbá ni wọ́n ń ṣe. Àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì ò sí lórí Facebook o, rédíò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada wọn.


Ọmọ Ìsọ̀kùn
5:52

Fọ́tò síkẹ́ẹ̀tì rèé. Ọjọ́ ìbí ẹ̀ ló ya èyí. Pupa tó wà nísàlẹ̀ yẹn, àgékù aṣọ ìgbéyàwó wa ni.


Ọmọ Ìsọ̀kùn
Ọjọ́rú, 8:48 alẹ́

Ẹ má bínú, mi ò wọlé lánàá. Àgọ́ la wà. A lóṣòó o, Ọmọ Òṣómàáló. Ìyá ọmọ mú àpótí tirẹ̀ láti ilé. Nígbà tó di aago mẹ́rin, D.P.O. fúnra ẹ̀ jáde, ó ní ta ni ìyá yìí. Wọ́n ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ fóònù, wọ́n ti kọ̀wé sí báǹkì, mo fojú mi rí ẹ̀dà ìwé náà.

Èyí tó gbé mi wá rèé. Wọ́n kéde ẹ̀ lórí rédíò láàárọ̀ òní. Láago méjì, ẹnì kan pè láti Òṣú. Ìyá kan tó ń dín àkàrà nírọ̀lẹ́ ni. Kò sọ pé òun rí ọmọbìnrin kan. Ohun tó sọ ni pé, "Síkẹ́ẹ̀tì tó dà bí ẹ̀kú yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Mo bi í pé ta ló rán an, ó ní òun ni, mo ní kó wá rán irú ẹ̀ fọ́mọ mi." Ó ní mọ́tò wọn ló bà jẹ́ lọ́nà, wọ́n fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ òun, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó ra àkàrà 200 náírà. Ó bèèrè ibi tó ti lè ṣájì fóònù, kò síná. Ó wá wọ kòròpé kan tó ní Iléṣà lòun ń lọ. Òun àtàwọn méjì.

Ìyá alákàrà mọ ẹni tó ni kòròpé náà lójú, kò mọ orúkọ ẹ̀. Ó máa ń fi iṣu kún ẹ̀yìn lọ́jọ́ ọjà.

Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ọjọ́ náà ló dá a lójú. Ó ní ọjọ́ yẹn ni òróró òun dànù, kò lè ṣi í mọ̀.


Bọ̀bọ́ Lágéré
9:02

Wọ́n ti ṣí mi sílẹ̀. Ẹ lè bú mi o, mi ò tíì fọkàn sí i pé ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n kòròpé tó ń kó iṣu ní Òṣú ò lè pọ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ tó ń ra iṣu níbẹ̀. Mo máa bi í.


Agbẹjọ́rò Kékeré
9:10

Ẹ má dá lọ bá awakọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá tẹ̀ lé yín. Ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ kòròpé yìí sí ibòmíràn lálẹ́ òní, kó má lọ sá. Ó sì lè jẹ́ èèyàn gidi tó já a sílẹ̀ síbi tó sọ. Alábòójútó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì í kí àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀ má lè ka á.


Alábòójútó
9:11

Mo ti tì í.


Alábẹ́rẹ́
9:20

Ẹ sọ fún mọ́mì ẹ̀ pé mo ti wá inú àpò àgékù wa. Gbogbo irú ànkárá méje ni mo rí, díẹ̀díẹ̀. Mo ti gún wọn pọ̀ sórí páálí, kí ìyá alákàrà lè fọwọ́ kàn án.


Ọmọ Ìsọ̀kùn
9:26

Ó ti gbọ́. Ó ní kó o tún bá òun mú búláòsì funfun kan. Aago mẹ́fà àárọ̀ la máa gbéra, ọlọ́pàá méjì á bá wa lọ. Mọ́tò ló kù tí a ò tíì rí.


Èrò Iwájú
9:27

Mo ti ra epo. Ẹ bá mi níwájú Ẹrẹ́jà láago márùn-ún ààbọ̀. Kí ìyá jókòó síwájú.